Módẹ́ẹ̀mù wo ni kí n rà? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Mọ́kọ́lá ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, nínú yàrá kékeré tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ hóònù mọ́tò lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú, ọ̀nà Sango ò sinmi rí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí ẹ kà á ju kí ẹ gbọ́ ọ lọ, gbogbo ohun tí mo sọ ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Orí WhatsApp ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde ní yunifásítì fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ó ń ti inú yàrá rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè. Òun ló máa ń dá àwọn oníbàárà wọn lóhùn lórí fídíò. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni íntánẹ́ẹ̀tì já mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀wé sí i pé bó bá tún ṣẹlẹ̀ nínú oṣù náà, àwọn yóò wá ẹlòmíràn. Ó ní, "Owó kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ń kó jọ fún owó ilé. Ṣé kí n yọ nínú ẹ̀ kí n fi ra módẹ́ẹ̀mù? Èwo ni kí n rà? Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí n kábàámọ̀ o."

Mi ò lè dá a lóhùn kíákíá, torí èmi náà ti kábàámọ̀ rí. Lọ́dún tó kọjá, mo ra ráútà àlòkù kan. Ẹni tó tà á fún mi ní gbogbo síìmù ló ń gbà. Mo gbé e délé, mo ti síìmù mi bọ̀ ọ́, iná pupa ló ń tàn. Wọ́n ti tì í mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe tèmi. Ẹni tó ní òun á bá mi ṣí i gba owó, kò ṣí nǹkan kan. Ìwé ni mo ń fi ráútà yẹn tẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì mi títí dòní, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé wọn.

Nítorí náà, mo pe ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Má tíì ra nǹkan kan. Jẹ́ ká fara balẹ̀." Ohun tí èmi àti òun ṣe lọ́sẹ̀ náà ni mo fẹ́ tò fún yín ní ẹsẹẹsẹ.

Wi-Fi kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì

Lẹ́nu wa, Wi-Fi ni gbogbo nǹkan. Dátà tán, a ó ní Wi-Fi ti lọ. Máàsì dákú, a ó ní Wi-Fi ò dáa. Bí a kò bá ya àwọn nǹkan yìí sọ́tọ̀, oògùn orí la ó máa rà fún ẹni tí inú ń run.

Ẹ jẹ́ kí n fi omi ilé ṣe àpẹẹrẹ. Bí kànga ẹ̀rọ bá wà nínú ọgbà yín, ẹ̀rọ kan wà tó ń fa omi sókè láti inú ilẹ̀. Páìpù sì wà tó ń pín omi náà sí ilé ìdáná, sí balùwẹ̀, sí ọ̀dọ̀ àwọn ayálégbé. Módẹ́ẹ̀mù ni ẹ̀rọ tó ń fa omi: òun ló ń bá ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ níta. Ráútà ló ń pín in: òun ló mọ̀ pé fóònù yín ló béèrè fídíò yìí, pé kọ̀ǹpútà àbúrò yín ló ń dúró de ìwé yẹn. Wi-Fi ni páìpù tí ojú ò rí, láti ọ̀dọ̀ ráútà dé ọwọ́ yín. Íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni omi.

Orúkọ módẹ́ẹ̀mù wá láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tí wọ́n gé kúrú, modulator àti demodulator. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ òǹkà inú kọ̀ǹpútà di ìgbì tó lè rìn lójú òfuurufú tàbí nínú wáyà, kó sì tún sọ ìgbì tó ń bọ̀ padà di òǹkà. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí à ń rà lónìí, módẹ́ẹ̀mù àti ráútà jọ wà nínú ike kan náà ni. Ṣùgbọ́n àwọn ráútà kan wà lọ́jà tí kò ní módẹ́ẹ̀mù nínú rárá. Kò sí ibi tí ẹ ó ti síìmù bọ̀ lára wọn. Bí ẹ bá ra irú ẹ̀ délé tí kò sí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kankan tó wọlé yín, páìpù lẹ rà, ẹ ò ra ẹ̀rọ tó ń fa omi.

Ìdí nìyí tí àmì Wi-Fi fi lè kún fọ́fọ́ lórí fóònù yín, kí WhatsApp má sì lọ. Páìpù dáa, omi ni kò sí.

Ọ̀nà tó ń gbà dé Mọ́kọ́lá

Kí ẹ tó dá ráútà lẹ́bi, ẹ mọ ibi tí nǹkan ti ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń wò lórí fóònù ń gba abẹ́ òkun wá, nínú okùn fáíbà tó gúnlẹ̀ sí Èkó. Glo-1 àti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010. Equiano, èyí tí Google ṣe, gúnlẹ̀ ní 2022. Láti Èkó, fáíbà míràn ló ń gbé e wá sí Ìbàdàn, tó fi dé ọ̀dọ̀ máàsì. Máàsì ló wá ń fi ìgbì ránṣẹ́ sí módẹ́ẹ̀mù tó wà lójú fèrèsé yín.

Ẹ rántí March 14, 2024. Lọ́jọ́ yẹn, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lápá Abidjan. Báńkì ń ké, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ń ké, íntánẹ́ẹ̀tì ń fà bí ìgbín ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá sáré lọ ra ráútà tuntun lọ́jọ́ yẹn, owó rẹ̀ ṣòfò. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: níbo gan-an ló ti bàjẹ́? Ṣé lóde ni, ṣé láàárín máàsì àti ilé mi ni, àbí nínú ilé mi?

Ọ̀nà márùn-ún ló wà níwájú yín

Èkíní ni fóònù yín fúnra rẹ̀, kí ẹ tan hotspot. Kò ná yín ní kọ́bọ̀ ju dátà lọ. Bí ẹ bá ń gbé lẹ́yin nìkan, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba iṣẹ́ lẹ ń ṣe, ó lè tó yín. Àbùkù rẹ̀ ni pé bátìrì fóònù á máa gbóná, á sì tètè gbó. Lórí àwọn fóònù kan, bí ìpè bá wọlé, íntánẹ́ẹ̀tì á já.

Èkejì ni MiFi, èyí kékeré tó ń wọ àpò, tó ní bátìrì tirẹ̀. Ó dára fún ẹni tí kì í jókòó sójú kan: òní Bódìjà, ọ̀la Challenge. Ṣùgbọ́n áńtẹ́nà inú rẹ̀ kéré, agbára Wi-Fi rẹ̀ náà ò ju yàrá kan sí méjì lọ.

Ẹ̀kẹta ni ráútà onísíìmù, èyí tó ń dúró sójú kan tí à ń fi iná ṣiṣẹ́. Áńtẹ́nà rẹ̀ tóbi ju ti MiFi lọ, ó ń gba èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní ojú ibi tí wáyà ń wọ̀. Ìlú wa ò kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ìbàdàn ni Smile ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ 4G LTE rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2013. Nígbà tí MTN sì bẹ̀rẹ̀ 5G ní 2022, Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú méje àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹrin ni fáíbà tó wọlé. Bó bá ti dé àdúgbò yín, òun ló máa ń dúró déédéé jù, torí kì í bá ẹnikẹ́ni jìjàdù lójú òfuurufú. Ẹ má wo ìwé ìpolówó nìkan. Ẹ bi aládùúgbò tó ń lò ó pé ọjọ́ mélòó ló gbà kí wọ́n tó wá tún un ṣe nígbà tó bàjẹ́ kẹ́yìn.

Ẹ̀karùn-ún ni Starlink, tó ń gba ojú ọ̀run wá. Ó dé Nàìjíríà ní January 2023. Ó ń fẹ́ ibi tí ojú ọ̀run ti ṣí gbalasa, ó ń jẹ iná ju ráútà kékeré lọ, owó tí ẹ ó sì kọ́kọ́ ná pọ̀. Bí ayálégbé mẹ́rin bá dáwó jọ, ó lè bọ́ sí i. Fún ẹnì kan nínú yàrá kan, ẹ rò ó dáadáa.

Ọ̀rẹ́ mi yọ fáíbà kúrò torí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó yọ Starlink kúrò torí owó. Ó ku mẹ́ta.

Ẹ dán ilé yín wò kí ẹ tó dé ọjà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. A máa ń béèrè pé, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló dáa ní Ìbàdàn?" Ìbéèrè yẹn ò nítumọ̀. Èyí tó ń fò lórí òkè Mọ́kọ́lá, lápá Premier Hotel, lè máa rá kòrò nísàlẹ̀ òkè, lẹ́yìn ilé alájà mẹ́ta. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni pé: nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló dáa nínú yàrá mi, ní aago tí mo ń ṣiṣẹ́?

Ẹ má fi ìlà mẹ́rin tó wà lókè fóònù díwọ̀n. Lórí Android, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ About phone, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SIM status sí. Ẹ ó rí òǹkà kan tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, tí dBm tẹ̀ lé e. Lórí iPhone, ẹ tẹ *3001#12345#* bí ẹni fẹ́ pe èèyàn. Bí òǹkà yẹn bá ṣe súnmọ́ òdo tó ló ṣe dára tó. Lórí 4G, -85 dáa gan-an. -95 ṣì ṣeé bá ṣiṣẹ́. Bó bá ti tó -110 lọ sísàlẹ̀, wàhálà ti dé.

Ẹ yá síìmù ọ̀rẹ́, ti MTN, ti Airtel, ti Glo, èyí tó bá wà nítòsí. Ẹ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ fóònù kan náà. Ẹ wò ó lẹ́bàá ibùsùn, lẹ́bàá fèrèsé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ wá fi Speedtest dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta: láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti wọlé tí wọ́n ń wo fídíò. Ti alẹ́ yẹn ni kí ẹ fi ṣèpinnu.

Nígbà tí a ṣe é nílé ọ̀rẹ́ mi, lẹ́bàá ibùsùn tó ti máa ń ṣiṣẹ́, òǹkà náà jẹ́ -112. Lójú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ sí ibẹ̀, ó jẹ́ -94. Síìmù kan náà, fóònù kan náà. Ó wò mí, mo wò ó. Ó ti ń pààrọ̀ dátà láti bí oṣù mẹ́ta. Ògiri ló ń bá jà.

Ohun tí wọ́n kọ sára páálí

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wọ ọjà. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ kà.

Àkọ́kọ́, 5G àti 5GHz kì í ṣe ọ̀kan náà. 5G ni ìran karùn-ún nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. 5GHz ni ọ̀kan nínú ojú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà nínú ilé. Ráútà tí wọ́n kọ "5G Wi-Fi" sí lára lè jẹ́ ti 4G lásán tó ní Wi-Fi 5GHz. Owó 5G ni wọn ó gbà lọ́wọ́ yín, 4G lẹ ó gbé lọ sílé. Bó bá jẹ́ 5G tòótọ́, ẹ ó rí n78 níbi tí wọ́n kọ àwọn band rẹ̀ sí; ojú ọ̀nà 3.5GHz tí NCC ta ní gbàǹjo ní December 2021 nìyẹn.

Èkejì, band. Ẹ rò ó bí ojú ọ̀nà rédíò: rédíò tí kò dé 105 kò lè gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí 105. Fún 4G ní Nàìjíríà, Band 3, 7, 20, 28 àti 40 wà lára èyí tí wọ́n ń lò. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà sábà máa ń ní Band 2, 4, 12 àti 13, tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Ẹ kọ nọ́ńbà irú ẹ̀rọ náà sí Google kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wo band tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ṣé wọ́n tì í? Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń tà á ní ẹ̀dínwó, wọ́n á sì tì í mọ́ síìmù tiwọn. Kò burú bó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn gan-an ló dáa nínú yàrá yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó lọ sí Ring Road lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó rántí mi.

Ẹ̀kẹrin, iye tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú. "300Mbps" lè jẹ́ iyára Wi-Fi láàárín ráútà àti fóònù yín, kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Cat sí. 4G Cat 4 ò lè kọjá 150Mbps, Cat 6 ò lè kọjá 300Mbps, ìyẹn bí máàsì bá jẹ́ tìrẹ nìkan. Máàsì ò sì jẹ́ tẹnì kan.

Mbps mélòó ló tó mi?

Mbps kékeré b ni, bit. Fáìlì tí à ń gbà sílẹ̀, ńlá B ni wọ́n fi ń ka tirẹ̀, byte. Byte kan jẹ́ bit 8. Nítorí náà, bí Speedtest bá ní 20Mbps, ẹ pín in sí 8: MB 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíìmù GB 1 á gba bí ìṣẹ́jú 7. Kò sẹ́ni tó yàn yín jẹ. Òǹkà yàtọ̀ síra ni.

Netflix ní kí èèyàn ní 5Mbps láti wo fíìmù tó hàn kedere ní 1080p. Ìpàdé orí fídíò tó dáa ń fẹ́ bíi 3 sí 4Mbps. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí eléyìí: ìpàdé ń fẹ́ ẹ ní lílọ àti bíbọ̀. Tíyàtọ̀ bá wà nínú bí ẹ ṣe ń gbọ́ wọn àti bí wọ́n ṣe ń gbọ́ yín, ẹ wo Upload, kì í ṣe Download nìkan. Lẹ́bàá ibùsùn ọ̀rẹ́ mi, Download jẹ́ 9, Upload ò pé 1. Ó ń rí oníbàárà kedere. Oníbàárà ni kò rí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi mọ̀ pé òun ló ń já.

Nínú ilé: ibi tí ẹ gbé e sí

Wi-Fi ní ojú ọ̀nà méjì pàtàkì. 2.4GHz ń lọ jìnnà, ó ń la ògiri kọjá, ṣùgbọ́n kò yára tó, gbogbo aládùúgbò ló sì ń lò ó. 5GHz yára gan-an, ṣùgbọ́n ògiri ń dá a dúró. Nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ráútà, ẹ lo 5GHz. Ní yàrá kejì sí ìkẹta, ẹ lo 2.4GHz. Bí ẹ bá ń gbé ní ilé ojú-ko-ojú tí yàrá mẹ́wàá ní ráútà mẹ́fà, ẹ wọ inú ráútà yín, ẹ yan channel 1, 6 tàbí 11 fún 2.4GHz, èyí tí àwọn ará ilé ò lò jù. Àwọn mẹ́ta yẹn nìkan ni kì í gun ara wọn.

Ẹ gbé e sókè, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má fi sẹ́yìn fíríìjì tàbí dígí ńlá. Bó bá jẹ́ onísíìmù, ojú fèrèsé tó kọjú sí máàsì ni ilé rẹ̀.

Bí ibi tí máàsì ti dáa bá jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má sáré ra ẹ̀rọ tó ń tún Wi-Fi gbé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gé iyára sí ìdajì. Wáyà Cat5e ló dáa jù: ó ń gbé 1Gbps fún mítà 100, kò sí ògiri tó ń dá a dúró. Bàbá onílé ọ̀rẹ́ mi ní kí a má lu ògiri òun. A kúnlẹ̀, a ní, "Ẹ má bínú, Bàábá, a ò ní lu nǹkan kan." Etí ilẹ̀kùn la gbà tí a fi gbé wáyà wọlé.

Iná

Ẹ lè ní ráútà tó dára jù láyé; bí wọ́n bá mú iná lọ, ike lásán ni. Láàárín kí iná lọ àti kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ráútà á kú, á tún gba bí ìṣẹ́jú kan sí méjì kó tó jí. Ìpàdé ti já nìyẹn.

Ẹ wo orí ṣájà ráútà yín. Ọ̀pọ̀ ń lo 12V, 1A tàbí 1.5A. Mini UPS kan wà tó ń fún ráútà ní 12V tààrà, kò nílò ìnfátà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bátìrì 8800mAh ní 3.7V jẹ́ bíi Wh 32. Ẹ yọ èyí tó ń ṣòfò, ó ku bíi 27. Bí ráútà bá ń jẹ Watt 8, ó tó bíi wákàtí mẹ́ta. Ẹ ṣọ́ra o: ẹ má ki 12V bọ ráútà tó ń fẹ́ 5V tàbí 9V. Jíjó ni yóò jó.

Ilẹ̀kùn yín

Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e délé, ẹ ṣí 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 lórí fóònù yín, èyí tí wọ́n bá kọ sídìí ráútà. Ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù méjèèjì: ti Wi-Fi, àti ti ẹni tó ń wọ inú ráútà. Bí èkejì bá ṣì jẹ́ "admin", ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ Wi-Fi yín lè ti ẹ̀yin gan-an síta. Ẹ yan WPA2 tàbí WPA3.

Kí dátà má sì fi yín ṣẹ̀sín, lórí Windows ẹ yan "metered connection", lórí iPhone ẹ tan Low Data Mode. Kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lóru lè jẹ dátà ọ̀sẹ̀ kan tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní Queen Cinema

Ọjọ́ Sátidé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ sí Queen Cinema. A mú síìmù méjì dání àti power bank.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà. Ráútà yìí, ṣé wọn ò tì í?"

Ó ní, "Àǹtí mi, gbogbo síìmù ló ń gbà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ jẹ́ ká ti síìmù wa bọ̀ ọ́ ká wò ó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò fọkàn tán mi?"

"Mo fọkàn tán yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó lò ó ṣáájú ni mi ò mọ̀."

Ó gbé e fún wa. Síìmù kìíní wọlé, iná aláwọ̀ ewé tàn. Síìmù kejì, pupa ló tàn. Òun náà yà á lẹ́nu. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé òmíràn wá, kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó gba méjèèjì. A kọ nọ́ńbà IMEI rẹ̀ sórí rìsíìtì, a ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ méje ni a lè fi dá a padà. Ó kọ ọ́ láìjiyàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ kí i dáadáa kí ẹ sì máa lọ.

Bó bá sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń jẹ dátà yín tàbí tí kò dáhùn, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín. Bí wọn ò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe 622, NCC nìyẹn.

Bó ṣe parí

Ráútà 4G àlòkù kan, mini UPS kan, wáyà mítà 15. Kò tó ìdajì owó ilé tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ yọ. Ráútà wà lójú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wáyà gba etí ilẹ̀kùn wọlé, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Upload kúrò ní ohun tí kò pé 1, ó di 11.

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n mú iná lọ nígbà tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Oníbàárà ò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ lọ. Ó ti fi síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn sínú fóònù rẹ̀, ó tan hotspot, ó padà sórí ìpàdé kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Oṣù náà ti parí báyìí. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo rẹ̀, ẹ rántí márùn-ún yìí. Ẹ mọ ibi tó ti bàjẹ́. Ẹ fi fóònù wọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú yàrá yín, pàápàá lálẹ́. Ẹ ka band, ẹ sì ti síìmù yín bọ̀ ọ́ kí ẹ tó sanwó. Ẹ ronú iná. Ẹ ní síìmù kejì ti ilé iṣẹ́ mìíràn, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tó mọ níwọ̀n sàn ju ọ̀kan olówó ńlá lọ.

Abéèrè kì í ṣìnà. Bí ẹ bá ti wọn ti yín, ẹ fi òǹkà dBm yín àti orúkọ àdúgbò yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. A ó ka díẹ̀ nínú wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ lọ sọ́jà lọ́la. Títí a ó fi tún pàdé, kí iná má lọ mọ́ yín lórí.